Nẹ́tíwọọ̀kì wà níta, kò sí nínú ilé: páànù ni àbí gíláàsì?

AraIyara béèrè:

Okun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ilé kan tí wọ́n ń parí lọ́wọ́ ní Iyara ni mo ń bá wọn bójú tó. Yàrá mẹ́rin ni, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Búlọ́ọ̀kù 9 ínǹṣì ni ògiri rẹ̀, wọ́n sì ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ tinú-tòde. Páànù longspan alumíníọ̀mù 0.55 mm ló wà lórí. Fèrèsé jẹ́ èyí tí wọ́n ń fà sọ́tùn-ún sósì: férémù alumíníọ̀mù, gíláàsì aláwọ̀ búlúù tó ń dán bíi dígí tèèyàn bá wò ó láti ìta, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn alumíníọ̀mù, àti irin olè níwájú.

Ní ẹ̀gbẹ́ kànga níta, fóònù ń ka RSRP (agbára ìgbì tó ń dé fóònù; bí iye náà bá ti sún mọ́ òdo tó ló ṣe lágbára tó) −88 dBm. Nínú pálọ̀, −113 dBm ni. Ìpè ń já, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì ṣí. Máàsìtì wà ní bíi kìlómítà méjì sí wa, lápá ìwọ̀-oòrùn, fèrèsé pálọ̀ sì kọjú sí i gan-an.

Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ pé páànù ló ń fa nẹ́tíwọọ̀kì mu. Káfíńtà ní ká yọ páànù kan, ká fi èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá rọ́pò rẹ̀. Oníná ní ká ra bústà. Kí wọ́n tó náwó, mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an tí ìgbì bá dé ojú ògiri, ojú gíláàsì àti ojú irin. Ṣé inú wọn ló ń kú sí ni, àbí ó ń padà sẹ́yìn? Nǹkan mìíràn tún wà tí kò yé mi: ilé amọ̀ àtijọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìí, ògiri rẹ̀ nípọn ju tiwa lọ, páànù wà lórí òun náà, fèrèsé rẹ̀ jẹ́ pákó. Nínú yàrá rẹ̀, −95 ni fóònù ń kà.

OlukoFisiksi_Kabba dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ilé amọ̀ tí ẹ dárúkọ gbẹ̀yìn yẹn ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín: páànù wà lórí òun náà, nẹ́tíwọọ̀kì sì ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá páànù láre, ká tó wá ẹni tó jẹ̀bi.

Ká ní máàsìtì yẹn ga ní 40 mítà, tó sì jìnnà sí ilé ní 2,000 mítà. Igun tí ìgbì rẹ̀ fi ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ilé jẹ́ 1.1° péré. Kódà bí wọ́n bá rì í sórí òkè tó fi 200 mítà ga ju ilé lọ, kò lè tó 7°. Ìgbì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pẹrẹsẹ bó ṣe ń bọ̀. Ògiri àti fèrèsé ni ọ̀nà rẹ̀, kì í ṣe òrùlé. Bí ẹ bá yọ páànù kan, òjò lè rí ibi jò, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọọ̀kì kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ó di ṣọ́ọ̀bù kọntéńà, níbi tí irin yí èèyàn ká lọ́tùn-ún lósì, kí irin òrùlé tó di ẹjọ́.

Ó kan ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ojú ààlà wàyí. Ìgbì rédíò àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ẹbí kan náà ni wọ́n: pápá iná àti pápá òòfà tó jọ ń gbé ara wọn lọ. Nínú òfìfo, eré wọn jẹ́ 299,792,458 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ìgbì bá bọ́ sínú gíláàsì, sìmẹ́ńtì tàbí omi, eré rẹ̀ á dín kù. Iye ìgbà tó dín kù sí là ń pè ní n. Afẹ́fẹ́ jẹ́ 1. Fún ìgbì fóònù, búlọ́ọ̀kù gbígbẹ jẹ́ bíi 2.3, gíláàsì bíi 2.4, omi sì sún mọ́ 9. Fún ìmọ́lẹ̀, iye náà yàtọ̀: gíláàsì jẹ́ 1.5, omi jẹ́ 1.33. Nítorí náà, ẹ má fi ohun tí ojú yín rí ṣe ìwọ̀n ohun tí fóònù yóò rí. Omi tó mọ́ gaara lójú wa dà bí ògiri lójú rédíò.

Ní ojú ààlà, òfin kan wà tí kì í yẹ̀: apá pápá iná tó bá ojú ààlà náà lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà ní ìhà méjèèjì, nígbàkigbà. Pápá òòfà náà ní irú òfin yìí. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba pápá iná sí pápá òòfà nínú afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí tinú búlọ́ọ̀kù. Ìgbì tó ń wọlé nìkan kò lè mú òfin méjèèjì ṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí ìgbì kejì dìde lójú ààlà kó padà sẹ́yìn. Ohun tó bí ìdápadà nìyẹn. Ẹ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ okùn tó nípọn, kí ẹ sì gbọn tẹ́ẹ́rẹ́: ẹ ó rí i tí ìgbì kan kọjá sára èyí tó nípọn, tí òmíràn sì ta padà láti ojú kókó.

Bí ìgbì bá kọlu ojú ààlà ní gbọọrọ, ìdá tó padà nínú agbára rẹ̀ jẹ́ (n−1)/(n+1), ká wá fi èsì náà lọ́po ara rẹ̀. Gíláàsì lójú ìmọ́lẹ̀: 0.5 lórí 2.5 jẹ́ 0.2, 0.2 lọ́nà 0.2 jẹ́ 4 nínú 100. Búlọ́ọ̀kù lójú fóònù: bíi 16 nínú 100. Ojú omi: bíi 64 nínú 100. Ẹ rí i pé búlọ́ọ̀kù kò burú tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Bíi 84 nínú 100 ló wọ inú rẹ̀. Ohun tó kù ni èyí tí ògiri fúnra rẹ̀ gbé mì, ọ̀rinrin inú rẹ̀ ló sì ń pọ̀ ọ́n sí i. Ìdí tí ilé amọ̀ fi ń gba nẹ́tíwọọ̀kì lásìkò ẹ̀rùn nìyẹn: amọ̀ gbígbẹ kò ní omi tó lè dí ìgbì lọ́wọ́. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, iye rẹ̀ á ti yí padà.

Bí ìgbì bá fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ó máa ń tẹ̀. Sine igun ìta (tí a wọ̀n láti ìlà tó dúró gbọọrọ sí ojú ògiri) gbọ́dọ̀ jẹ́ n lọ́nà sine igun inú. Ìgbì tó bá kọlu búlọ́ọ̀kù ní 60° á máa rìn nínú rẹ̀ ní 22°. Fíríkúẹ́ńsì kì í yí padà rárá, nítorí pé ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ máa mì pọ̀ lójú ààlà. Gígùn ìgbì ló ń kúrú. Ìgbì 900 MHz tó gùn ní 33 cm nínú afẹ́fẹ́ á di bíi 14 cm nínú búlọ́ọ̀kù. Bí igun bá sì ti ń sún mọ́ 90°, tí ìgbì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ra ògiri kọjá, ìdápadà á fò sókè dé 100 nínú 100, ohun yòówù kí ògiri jẹ́.

Irin kò bá wọn jẹ. Àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ lè rìn fàlàlà, bí pápá iná bá sì ti kàn án, wọ́n á sáré débi tí wọ́n á ti pa á rẹ́. Eré wọn yẹn gan-an ló ń tú ìgbì mìíràn jáde sẹ́yìn. Nínú alumíníọ̀mù, ní 900 MHz, ìgbì kò lè jìn ju bíi 2.8 máíkírọ́ọ̀nù lọ kó tó rẹ̀ sílẹ̀ sí bíi ìdá mẹ́ta. Páànù 0.55 mm nípọn jù ìyẹn lọ ní nǹkan bí ìgbà 200. Irin kì í fa nẹ́tíwọọ̀kì mu. Ó ń lé e padà ni. Heinrich Hertz fi èyí hàn ní Karlsruhe, ní Jámánì, lọ́dún 1888: irin síńkì ńlá kan ló gbé sí ara ògiri tó fi dá ìgbì padà, tó sì wọn ibi tí ìgbì ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ti ń pa ara wọn. Irú síńkì tí wọ́n fi ń bo páànù irin títí dòní ni.

Ẹ lè fi ohun tí Hertz rí yẹn ṣiṣẹ́ nínú ilé. Lójú irin gan-an, pápá iná jẹ́ òdo. Ibi tó ti lágbára jù ni ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì sí i. Fún 900 MHz, 8 cm nìyẹn. Fún 1800 MHz, 4 cm. Ráótà tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ férémù alumíníọ̀mù tàbí ara fíríìjì kò lè gbọ́ nǹkan kan dáadáa. Ẹ sún un kúrò ní ìwọ̀n ọwọ́ kan.

Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀, gíláàsì tó ń dán bíi dígí yẹn àti nẹ́ẹ̀tì alumíníọ̀mù ni mo fura sí.

EnjiniaEgbe dáhùn:

Ọ̀gá olùkọ́, ẹ ṣeun, ẹ ti là á yé wa. Kí n fi ọ̀rọ̀ kún ti gíláàsì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé tuntun nílẹ̀ wa ti ń ṣubú sí.

Gíláàsì lásán kì í ṣe ìṣòro. Ní 5 mm, ó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbì 33 cm. Ìgbì tó padà láti ojú iwájú rẹ̀ yí ìṣísẹ̀ padà (òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀), èyí tó padà láti ojú ẹ̀yìn kò yí i; wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́ pátápátá, ìgbì sì kọjá. Gíláàsì tí wọ́n po àwọ̀ mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ náà kò níṣòro. Èyí tí wọ́n fi irin pá lójú ni kí ẹ bẹ̀rù. Irin yẹn lè má nípọn ju ìwọ̀n nánómítà mélòó kan, ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá, síbẹ̀ ó ń darí iná. Òfìfo ní 377 Ω (óòmù, ìwọ̀n ìdènà) fún ìgbì. Bí ojú irin gíláàsì bá jẹ́ 10 Ω fún ojú onígun mẹ́rin dọ́gba kan, ìgbì tó ń kọjá á dín kù ní 26 dB. 10 dB túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù, nítorí náà 26 dB jẹ́ ìdá kan nínú 400.

Kì í ṣe gbogbo gíláàsì tó ń dán ló rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó tà á fún yín sì lè má mọ̀. Ẹ má ṣe jiyàn pẹ̀lú rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ẹ tẹ *#*#4636#*#*, tàbí kí ẹ lo áàpù tó ń fi RSRP, nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì àti báàńdì hàn. Ẹ gbé fóònù sórí àga onípákó ní mítà kan sí fèrèsé. Ẹ má dúró láàárín òun àti fèrèsé, nítorí ara èèyàn kún fún omi, ó sì lè mú dB mélòó kan lọ. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú ààbọ̀, kí ẹ kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ sì mú iye àárín. Bí nọ́ńbà sẹ́ẹ̀lì tàbí báàńdì bá yí padà láàárín ìwọ̀n méjì, ẹ má fi wọ́n wé ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì tàbí fíríkúẹ́ńsì mìíràn lẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà wà nínú ìtò ìwọ̀n. Wọ́n á ṣí gíláàsì, nẹ́ẹ̀tì á wà ní títì lójú ihò tó ṣí, iye náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, wọ́n á sì ní gíláàsì kò jẹ̀bi. Irin méjì tó tò léra wọn ni. Ọ̀kan péré tó láti dí ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ ṣí méjèèjì, kí ẹ kà á. Kí ẹ wá ti gíláàsì nìkan, kí ẹ kà á. Kí ẹ ṣí gíláàsì, kí ẹ ti nẹ́ẹ̀tì nìkan, kí ẹ tún kà á. Ẹ fi ti ìgbà tí méjèèjì wà ní títì kún un, kí ẹ kọ iye mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ níbí.

Ẹ tún wo nẹ́ẹ̀tì yẹn. Ihò rẹ̀ kò ju bíi 1.5 mm lọ. Ihò irin tó bá kéré gan-an sí ìdajì gígùn ìgbì kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá. Ìdajì ìgbì 900 MHz jẹ́ 16.7 cm. Sí fóònù, nẹ́ẹ̀tì yẹn kò yàtọ̀ sí páànù tí kò ní ihò. Irin olè ńkọ́? Bí ààyè àárín rẹ̀ bá tó 12 cm, 1800 MHz, tí ìdajì ìgbì rẹ̀ jẹ́ 8.3 cm, á kọjá. 900 MHz á pàdánù díẹ̀, pàápàá ní apá tí pápá iná bá bá ọ̀pá irin lọ dọ́gba. Bó bá jẹ́ ọ̀pá òòró nìkan, tí kò ní ìdábùú púpọ̀, ìpàdánù náà kéré, torí pé ẹ́ríà máàsìtì sábà máa ń rán ìgbì ní ìdagẹ̀rẹ̀ 45° lápá méjèèjì.

AraIyara:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì kú ìnáwọ́. Èsì rèé, sẹ́ẹ̀lì kan náà, báàńdì kan náà ní gbogbo ìgbà:

Gíláàsì àti nẹ́ẹ̀tì ní títì: −113.
Méjèèjì ní ṣíṣí: −97.
Nẹ́ẹ̀tì ṣí, gíláàsì tì: −109.
Gíláàsì ṣí, nẹ́ẹ̀tì tì: −111.

Irin olè jẹ́ ọ̀pá òòró, 13 cm láàárín wọn. Ẹni tó ni ilé fẹ́ràn gíláàsì yẹn nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́, apá ìwọ̀-oòrùn ni. Ṣé a lè fi í sílẹ̀ ká pààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì nìkan?

EnjiniaEgbe dáhùn:

Iye yín ti sọ ọ́: nẹ́ẹ̀tì nìkan tẹ́ ẹ bá yọ, −109 lẹ máa gbà, kò sì sí ìtura níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ni kẹ́ ẹ mú kúrò lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé −113 kò lọ sí −130 bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin méjì dí ihò náà: ohun tó ń gba ara ògiri wọlé ni ẹ ń kà nígbà yẹn. Nítorí náà, ẹ kò nílò kí gbogbo fèrèsé yí padà.

Ẹ mú ìlàjì fèrèsé pálọ̀ tó kọjú sí máàsìtì, ẹ fi gíláàsì funfun lásán 5 mm sí i, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì dúdú oní-fáíbà rọ́pò ti alumíníọ̀mù níbẹ̀. Ìlàjì tó gbòòrò ní 60 cm, tó ga ní 90 cm, tóbi ju gígùn ìgbì yín lọ dáadáa, ìgbì á wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà fún yín kì í ṣe irin, ẹ fi ọ̀bẹ họ ojú rẹ̀ ní ibi méjì, kí ẹ fi mítà oníná dán an wò: bó bá ké, irin ni, ẹ dá a padà. Ní ti oòrùn, ẹ ta kọ́tìnì aṣọ tó nípọn. Aṣọ gbígbẹ kì í dí ìgbì. Ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún kọ́tìnì tó ní fàdákà lẹ́yìn, àti fún bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì láti dín oòrùn kù bó bá ń dán. Ọ̀pọ̀ wọn ní irin nínú, ẹ ó sì tún padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ìgbì bá ti wọ pálọ̀, ògiri inú ilé á tún mú tirẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn lè má rí ju −105 lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ́ríà ìta ti wọlé, mo sì fi í lé àwọn tó ń ṣe é lójoojúmọ́ lọ́wọ́.

OniDish_Isanlu dáhùn:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Lórí bústà tí oníná sọ: NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù, kò gbà kí èèyàn kàn ra bústà kó so ó mọ́ ilé láìgbàṣẹ, ìdí gidi sì wà. Bí ẹ́ríà inú bá gbọ́ ti ìta, bústà á bẹ̀rẹ̀ sí í hu fúnra rẹ̀, ariwo rẹ̀ á sì bo etí máàsìtì fún gbogbo àdúgbò. Ẹ fi sílẹ̀.

Ohun tó dára jù ni ráótà ìta tí ẹ́ríà wà nínú rẹ̀, tí iná rẹ̀ ń gba inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì gòkè lọ. Wáyà yẹn lè gùn tó 100 mítà láìsí ìpàdánù nẹ́tíwọọ̀kì, nítorí pé dátà ló ń gbé, kì í ṣe ìgbì 1800 MHz. Bí ẹ bá ti ní ráótà inú ilé tó ní ojú ẹ́ríà, ẹ lè ra ẹ́ríà log-periodic (ẹ́ríà olójú kan tó ń gba báàńdì púpọ̀) 698 sí 2700 MHz, tí agbára rẹ̀ jẹ́ bíi 10 dBi, kí ẹ fi sórí pípù tó yọ ní 1.5 mítà lókè òrùlé. Páànù tí wọ́n ti dá láre yẹn á tún dẹ́ṣẹ̀ bí ẹ bá lẹ ẹ́ríà mọ́ ọn. Ohun tí ọ̀gá olùkọ́ sọ nípa òdo lójú irin ló fà á.

Wáyà ni wọ́n fi máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. RG-58 tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà káàkiri ń pàdánù bíi 0.75 dB ní mítà kan ní 1800 MHz. Mítà 15 rẹ̀ jẹ́ bíi 11 dB: gbogbo èrè ẹ́ríà 10 dBi ti lọ, ẹ sì ti jẹ gbèsè lé e. LMR-400 tó gùn bẹ́ẹ̀ kò ju bíi 3 dB lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé RG-6, wáyà díìṣì lásán, ń pàdánù bíi 4.5 dB péré ní mítà 15. Wọ́n á ní 75 Ω ni, ráótà sì jẹ́ 50 Ω, kò bára mu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: 25 lórí 125 jẹ́ 0.2, ìdápadà rẹ̀ jẹ́ 4 nínú 100. Iye kan náà tí ìmọ́lẹ̀ ń pàdánù lójú gíláàsì ni, ìṣirò kan náà ló sì bí wọn. Ní dB, kò tó 0.2 lójú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ló dé tí èèyàn á fi sá fún 0.2 dB kó lọ ra 11 dB?

Wọ́n tún máa ń bú RG-6 tí ọkàn rẹ̀ jẹ́ irin tí wọ́n fi kọ́pà bò. Fún iṣẹ́ yìí, kò burú. Ní 1800 MHz, iná ń rìn ní bíi 1.5 máíkírọ́ọ̀nù láti ojú kọ́pà, kò mọ̀ bóyá irin wà nísàlẹ̀. Fún díìṣì tó jìnnà ni kò dára, nítorí pé iná tó ń bọ́ LNB (ohun tó ń gba ìgbì lójú díìṣì) ń gba gbogbo ọkàn wáyà kọjá. Ẹ̀wù wáyà ni kí ẹ wò dáadáa: ẹ bó díẹ̀, bí irin híhun rẹ̀ bá ṣọ̀wọ́n tó fi jẹ́ pé ẹ ń rí rọ́bà láàárín rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Omi ló ń pa ìsopọ̀ ìta. Tí ìkán omi kan bá wọ kọnẹ́tọ̀, ibi tí a kọ́ fún afẹ́fẹ́ tàbí rọ́bà ti di ibi omi, ìyẹn ààlà tuntun tó ń dá ìgbì padà. Ẹ fi rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ dì í láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí etí rẹ̀ lè tò bíi ti páànù tí omi ń ṣàn lé lórí. Kí wáyà tó wọ ilé, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, kí omi lè máa kán níbẹ̀. Ẹ so pípù mọ́ ọ̀pá kọ́pà 1.2 mítà tí ẹ rì mọ́lẹ̀. Mànàmáná kì í bẹ̀bẹ̀ kó tó kọlu pípù tó ga ju ilé lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn tó wà lẹ́yìn òkè, bí apá Ogidi. Bí àpáta bá dúró sáàárín ilé àti máàsìtì, ìwọ̀nba ìgbì tó bá yí etí rẹ̀ ni ẹ máa gbà, ẹ́ríà tí ẹ kọ sí máàsìtì gan-an sì lè má gbọ́ nǹkan. Ojú àpáta ń dá bíi 16 nínú 100 padà bí ìgbì bá kọlu ú ní gbọọrọ, ó sì ń dá púpọ̀ sí i padà bí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ kọlu ú. Ẹ yí ẹ́ríà náà ní 15° lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí yóò fi yí ká, kí ẹ kọ iye sílẹ̀ ní gbogbo ibi. Ó ṣeé ṣe kí òkè tó wà lódì kejì jẹ́ dígí yín.

OlugboRedio béèrè:

Ẹ jọ̀ọ́, mo ya ọ̀rọ̀ yín sọ́nà mìíràn díẹ̀. Lákòókò ọyẹ́, ní ìdájí, ilé iṣẹ́ FM tó jìnnà réré máa ń bọ́ sórí ti ibí, tí ti ibí á sì sọnù. Tó bá di bíi aago mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ á padà sípò. Kò sí ògiri kankan lójú sánmà, kí ni ìgbì ń kọlù?

OlukoFisiksi_Kabba dáhùn:

Ẹ kò ya ọ̀rọ̀ sọ́nà rárá. Ààlà ni òun náà, àfi pé afẹ́fẹ́ sí afẹ́fẹ́ ni. Mo sọ lókè pé afẹ́fẹ́ jẹ́ 1. Ká sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, bíi 1.0003 ni nítòsí ilẹ̀, ó sì ń dín kù bí a bá ti ń gòkè. Lóru ọyẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́, ilẹ̀ á tutù kíákíá, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á tutù pẹ̀lú rẹ̀, èyí tó móoru tó sì gbẹ á jókòó lé e lórí. Láàárín ìwọ̀nba mítà díẹ̀, n á já wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyàtọ̀ náà kò lè dá ìgbì tó kọlu ú ní gbọọrọ padà. Ṣùgbọ́n ìgbì FM tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ra ìpele yẹn ni. Bí n bá fi 0.00002 péré yàtọ̀, gbogbo ìgbì tí igun rẹ̀ sí ìpele náà kò bá tó 0.36° ni yóò padà sílẹ̀ pátápátá. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ jáde láti inú gíláàsì ní igun tó ju 41.8° lọ: kò lè jáde. Bí n bá ń dín kù ní ju 0.000157 lọ ní kìlómítà kan, ìgbì á máa tẹ̀ lé bí ayé ṣe rí roboto, á sì dé ibi tí kò yẹ kó dé. Ìgbì FM gùn ní bíi 3 mítà, nítorí náà ìpele tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù kò lè gbé e. Ọjọ́ tí ìpele bá nípọn ni ẹ máa gbọ́ ọ.

Ìdí tí ti ibí fi ń sọnù pátápátá ni pé rédíò FM kì í po ohùn méjì pọ̀ lórí fíríkúẹ́ńsì kan. Èyí tó bá lágbára jù ló ń gbé, á sì tẹ èkejì rì. Ìyàtọ̀ dB mélòó kan ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti ibí nídàájí, kó yọ ọ̀pá ẹ́ríà rédíò, kó lo ẹ́ríà FM olójú kan tó ní ọ̀pá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó kọ ojú rẹ̀ sí ilé iṣẹ́ tó sún mọ́, kó sì kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí èyí tó jìnnà. Bí àwọn méjèèjì bá wà lápá kan náà sí ilé yín, ẹ́ríà kò lè yà wọ́n. Kí ẹ dúró de oòrùn ni.